A Rán an, Ṣé Ó Dé?

A ń ṣe lámèyítọ́ ewì, a ń ṣe ti ìtàn àròsọ àti ti fíìmù. Ìwé atọ́nà software, èyí tí àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ náà ń pè ní documentation, kò fẹ́ẹ̀ sẹ́ni tó ń kà á bí ẹni ń ka ìwé. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lè ṣe àkóbá fún ẹni tí kò tiẹ̀ mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà.

Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí náírà wọ́n bí ojú, tí gbogbo Èkó sá sídìí transfer. Ní ọjà Ojúwòyè ní Mushin, oníbàárà á ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ìyá ọlọ́jà á ní kò tíì wọlé. Ariwo á ta. Àwọn méjèèjì sì lè máa sọ òótọ́. Láàárín fóònù méjèèjì, software ń rán software níṣẹ́: yọ owó níbí, fi kún un lọ́hùn-ún, fi alert ránṣẹ́. Oríṣiríṣi irinṣẹ́ ló wà fún irú iṣẹ́ rírán bẹ́ẹ̀. Ìwé atọ́nà méjì nínú wọn, ti ZeroMQ àti ti Kafka, la fẹ́ yẹ̀ wò.

Nínú ìwé ZeroMQ, ojú ìwé kan wà fún àṣẹ tó ń jẹ́ zmq_send. Ẹni tó bá rí "send" á rò pé tí àṣẹ náà bá ti yọrí, iṣẹ́ ti dé nìyẹn. Ojú ìwé náà kò gbà á láyè láti rò bẹ́ẹ̀. Ó là á mọ́lẹ̀ pé iṣẹ́ náà ti tò sórí ìlà ni, ZeroMQ sì ti gbà á sọ́rùn. Kò túmọ̀ sí pé ó ti bọ́ sórí network. Gbólóhùn kan péré ni, ó sì pa ìjà ọjà Ojúwòyè kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Yorùbá ti ya nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ tipẹ́. Ẹni tó rán iṣẹ́ ló rán an. Ìránṣẹ́ ló ń jẹ́ ẹ. Ẹni tá a rán an sí ló ń gbà á. Bí ìyá kan bá rán ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìdí-Àràbà, kò ní sọ pé iṣẹ́ ti jẹ́ nígbà tí ọmọ ṣì ń wọ bàtà. Òṣùwọ̀n wa nìyí: ẹ túmọ̀ ìwé atọ́nà sí Yorùbá. Bí ẹ ò bá mọ èwo lẹ ó mú nínú rán, jẹ́ àti gbà, a jẹ́ pé ìwé yẹn ṣókùnkùn.

Ti Kafka yàtọ̀, torí ìwé rẹ̀ mọ́ gaara, ohun tó sọ ni kò rí bẹ́ẹ̀. LinkedIn ni wọ́n ti ṣe irinṣẹ́ yìí, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́dún 2011. Jay Kreps, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe é, ló fi orúkọ òǹkọ̀wé Franz Kafka sọ ọ́, ẹni tó kọ ìtàn kékeré kan tó jáde lọ́dún 1919 nípa ìránṣẹ́ ọba tí kò rí ọ̀nà jáde láàfin.

Àmọ́ àìdé nìkan kọ́ ni ìṣòro. Iṣẹ́ lè dé, kí èsì sọnù lọ́nà. Ẹni tó rán an á tún un rán. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ pé kí wọ́n yọ ₦5,000, ó lè di ₦10,000. Ààbò tí Kafka ní fún èyí ń jẹ́ idempotence: ó ń fi nọ́ńbà sára iṣẹ́, kí èyí tí a tún rán má baà wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ẹ̀dà 3.0 jáde lọ́dún 2021, ìwé rẹ̀ ní ààbò yìí ti wà ní títàn láìjẹ́ pé èèyàn fọwọ́ kàn án. Àléébù kan nínú code ò jẹ́ kó tàn. Ní 3.0.0 àti 3.1.0, ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ tàn án nìkan ló ní ààbò. Ẹni tó gba ìwé gbọ́ kò ní. Wọ́n tún un ṣe ní 3.0.1, 3.1.1 àti 3.2.0.

A yìn wọ́n fún bí wọ́n ṣe kọ àtúnṣe náà. Wọn ò pa ọ̀rọ̀ rẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Wọ́n sọ ohun tí kò ṣiṣẹ́, wọ́n dárúkọ ẹ̀dà tó tún un ṣe, wọ́n sì fi nọ́ńbà ẹjọ́ náà, KAFKA-13598, síbẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ lè tọpa rẹ̀. Ohun tá a bá wọn wí lé lórí ni ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí: abẹ́ àlàyé fún àwọn tó fẹ́ ṣe upgrade. Ẹni tó ń wá ìtumọ̀ setting kan, orí setting yẹn ló ń lọ tààrà. Bí èèyàn bá búni lójà, kò yẹ kó wá bẹ̀ni ní kọ̀rọ̀ yàrá.

Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́gbẹ́ wa ní Yábàá máa ń rí irú àṣìṣe báyìí, wọ́n á rojọ́ rẹ̀ lórí WhatsApp, ó tán. Ìwé ZeroMQ àti Kafka wà ní gbangba lórí GitHub, ẹnikẹ́ni ló lè fi àtúnṣe ránṣẹ́. Ká sọ ẹ̀dà tó kàn, ohun tí ìwé wí, ohun tí software ṣe gan-an, ká sì fi í sí ojú ibi tí àṣìṣe náà wà. Ìyá ọlọ́jà tó ń dúró de alert kò ní ka ìwé yẹn láéláé. Ẹni tó kọ software tó ń gbé owó rẹ̀ ló ń kà á.