Ilé Là Ń Wò: Ta Ló Ń Sọ Ilé Ọnà Lórúkọ?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá ilé iṣẹ́ ọnà náà mu. Bí ẹnì kan bá ṣí ilé sílẹ̀ ní ìlú, tó ní kí àwọn èèyàn wá máa yàwòrán níbẹ̀, kí wọ́n wá máa gbẹ́gi, kí wọ́n wá máa pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn, tó sì ní òun ò ṣe é torí èrè, ti aráàlú ni, kí la máa ń kọ́kọ́ wò? Ògiri funfun, iná tó ń tàn yòò, igun tí fọ́tò ti máa dáa fún Instagram. Àwa ò rò pé ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tiwa ni pé: kí ni àwọn tó ń kọjá níwájú ilé náà ń pè é? Tó bá jẹ́ orúkọ tí olówó kọ sára ògiri nìkan ni wọ́n mọ̀, ilé olówó ni. Tí wọ́n bá ti fún un ní orúkọ tiwọn, ó ti ń di ilé ìlú nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní 1961, Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo, J. P. Clark àti Ezekiel Mphahlele wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn, nítòsí Dùgbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Igbo ni Mbari. Ní agbègbè Owerri, ilé amọ̀ tí wọ́n fi ère kún inú rẹ̀ ni, tí wọ́n ń kọ́ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀. Tí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán, wọn kì í tún un ṣe mọ́, wọ́n á jẹ́ kí òjò wó o, nítorí pé iṣẹ́ àjọṣe tí wọ́n fi kọ́ ọ ló jẹ wọ́n lógún ju ilé náà lọ. Mbari Ìbàdàn ṣe gudugudu méje. Ó pàtẹ àwòrán, ó ṣeré, òun náà ló tẹ ìwé ewì Okigbo, Heavensgate, jáde ní 1962. Ṣùgbọ́n ká má parọ́: àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn òǹkọ̀wé ló pọ̀ jù níbẹ̀, orúkọ tí wọ́n sì gbé wá náà ló ń jẹ́ títí.

Ní 1962, wọ́n ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Òṣogbo. Inú ilé Dúró Ládípọ̀ ni wọ́n ṣí i sí. Dúró Ládípọ̀ ti ṣe tíṣà rí, ó máa ń kọ orin, ó sì ní ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Popular Bar. Ibi tí àwọn èèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn, wọ́n ti ń jókòó níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n pé kí lẹ wá ṣe. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ "Mbari", ọ̀rọ̀ Igbo tí kò yé wọn, wọ́n sì sọ ọ́ di Yorùbá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: Mbárí Mbáyọ̀. Bí mo bá rí i, màá yọ̀. Wọ́n máa ń sọ pé bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é. Lọ́tẹ̀ yìí, aládùúgbò ló pe igbá lórúkọ, onígbá ló wá bá wọn pè é. Orúkọ táwọn èèyàn sọ ọ́ yẹn ló mọ́ ọn lára títí dòní.

Ìdí tí a fi ń pariwo orúkọ nìyí: ó fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà hàn. Òṣèré, onílù, oníjó àti ayàwòrán ló jọ ń lo ibẹ̀. Nígbà tí Denis Williams, ayàwòrán ọmọ Guyana, wá dá àwọn èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, tí Georgina Beier náà sì ṣe tirẹ̀ ní 1964, wọn kò lọ wá ọmọ yunifásítì kankan. Àwọn tó wà nínú ilé náà àti àdúgbò rẹ̀ ló mú búrọ́ọ̀ṣì: Rufus Ògúndélé, Jacob Afọlábí, Mùráínà Oyèlámì, Adébísí Fábùnmi, Twins Seven-Seven tó jẹ́ oníjó. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ló ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládípọ̀. Nígbà tó yá, ó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán, ayé sì mọ̀ ọ́n fún un. Oníná tó di ayàwòrán! Irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ níbi tí oníná ti máa ń ṣe iná tán, táá gba owó rẹ̀, táá máa lọ ilé.

Àwọn kan máa ń sọ pé Beier àti ìyàwó rẹ̀ ló "dá" àwọn ayàwòrán Òṣogbo, bí ẹni pé òyìnbó gbé kun wá, ọ̀rọ̀ sì parí. Àwọn mìíràn tó kàwé nípa iṣẹ́ ọnà ní tiwọn máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn èèyàn yìí ò kọ́ṣẹ́ ní yunifásítì. Ohun kan náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì gbàgbé: ta ló ni ilé? Tí Dúró Ládípọ̀ ò bá yọ̀ǹda ilé rẹ̀, tí kò sí ẹgbẹ́ òṣèré tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ lójoojúmọ́, búrọ́ọ̀ṣì ò bá má rí ọwọ́ tó máa dì í mú. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí wọ́n ń sọ, ẹni tó kọ́ wọn ní kíkùn lorúkọ rẹ̀ máa ń ṣáájú, onílé a sì wá tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ibí ni orúkọ nìkan kò ti tó. Lára owó tí Mbari Ìbàdàn fi ṣiṣẹ́ wá láti ọwọ́ Congress for Cultural Freedom, àjọ kan tó fìdí kalẹ̀ sí Paris. Láàárín 1966 sí 1967, gbogbo ayé wá mọ̀ pé CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, ló wà lẹ́yìn owó àjọ náà. A ò ní torí ìyẹn sọ pé ewì Okigbo di irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún gbogbo àwa tá à ń kọ lẹ́tà tọrọ owó ìrànwọ́ káàkiri: ẹni tó ń san owó iná rẹ lè ní ìdí tirẹ̀ tí kò sọ fún ọ, ọjọ́ tí ìdí yẹn bá sì tán, iná lè kú. Beier kúrò ní Nàìjíríà ní 1966. Dúró Ládípọ̀ kú ní 1978. Àwọn ayàwòrán tó ti ibẹ̀ jáde ń bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ilé náà kò tún rí bó ṣe rí láyé ọjọ́un.

Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì ní Ìpínlẹ̀ Kogí, gba ọ̀nà míì. Ní 1983, ó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo yìí kan náà. Owó tó rí nínú aṣọ àdìrẹ àti àwòrán tirẹ̀ ló fi dá a sílẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé kò dúró de àjọ kankan ní Paris? Ó ń ta iṣẹ́ kó lè rí owó kọ́ni níṣẹ́. A kí wọn, Màmá Níkẹ̀ẹ́ ti gbìyànjú kọjá ohun tí ìjọba ń ṣe. Síbẹ̀, ẹrù tí ẹnì kan ṣoṣo rù wúwo, ó sì yẹ kí àwọn ìlú tó kù bi ara wọn léèrè bóyá ó yẹ kí ìyá kan ṣoṣo máa ru irú ẹrù yìí.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ńkọ́? Yinka Shonibare, ayàwòrán tí wọ́n bí ní London ní 1962, tó dàgbà ní Èkó, ló dá G.A.S. Foundation sílẹ̀. Kì í ṣe fún èrè. Ó ní ilé kan ní Oniru ní Èkó, ó sì ní ilé kejì nínú oko ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. 2022 ni wọ́n ṣí wọn. Àwọn oníṣẹ́ ọnà àti olùwádìí ń ti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá gbé níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á ṣiṣẹ́, wọ́n á máa lọ. Inú wa dùn pé oko ló wà níbẹ̀, torí ará Ìjẹ̀bú tí kò rí àwòrán rà láyé rẹ̀ mọ ohun tí oko jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ rẹ̀: Guest Artists Space. Àyè àwọn oníṣẹ́ ọnà tó jẹ́ àlejò. Orúkọ yẹn ò tan ẹnikẹ́ni, ohun tó jẹ́ ló ń jẹ́. A ò sọ pé wọn kì í ṣílẹ̀kùn fún aráàlú. Ohun tí à ń sọ ni pé ilé àlejò dáa, àmọ́ kò lè rọ́pò ilé onílé. Bí àlejò bá ní yàrá, ó yẹ kí ọmọ onílé náà ní bẹ́ńṣì.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Òkè-Àgbò, Òkè-Ṣopẹ̀n, Ojówò, Àtìkòrí, Jàpàrà: ìlú igi ni. Ọkọ̀ agbégi ń wọlé, pákó ń jáde. Àwọn tó mọ inú igi ju ọ̀pọ̀ wa tó ń kọ̀wé nípa ère lọ pọ̀ níbẹ̀: wọ́n mọ èyí tó máa là, wọ́n mọ èyí tí kòkòrò ò lè jẹ. Tí ẹnì kan bá fẹ́ dá ilé iṣẹ́ ọnà ìlú sílẹ̀ níbẹ̀, tó wá lọ ra kánfáàsì l'Ékòó, tó ń wá ẹni tó kàwé nìkan, tó sì fi ilé ìlagi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kí ló fẹ́ kí ìlú pè é?

Ìjẹ̀bú-Igbó mọ bí nǹkan ṣe ń di ti ìlú. Molusi College ti wà níbẹ̀ láti 1949, inú oyè Orímolúsì lorúkọ rẹ̀ sì ti jáde. Tai Ṣólàárín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà kó tó lọ dá Mayflower sílẹ̀ ní 1956. Èèyàn ńlá ló lọ yẹn o! Molusi kò tìlẹ̀kùn. Orúkọ Tai kọ́ ló ń jẹ́, orúkọ ìlú ló ń jẹ́.

Gbogbo Ìjẹ̀bú tún ní ohun kan tí àwọn tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń darí àjọ tí kì í ṣe fún èrè ì bá wá kọ́ lọ́dọ̀ wọn: rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Àwa tá à ń wo fọ́tò Ojúde Ọba lórí fóònù, aṣọ àti ẹṣin là ń rí. Ohun tí fọ́tò ò fi hàn ni pé àwọn tí ọdún ìbí wọn súnmọ́ra ló kóra jọ, wọ́n dá owó, wọ́n yan akápò, wọ́n ṣèpàdé. Wọ́n máa ń ṣe iṣẹ́ ìlú pẹ̀lú. Tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan bá gba owó dísẹ̀lì ilé ọnà sọ́rùn fún ọdún kan, tí èkejì gba ti ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sí àjọ òkèèrè tó máa fi lẹ́tà kan ṣoṣo ti ilé náà pa. Ìjẹ̀bú náà ló sì ń hun aṣọ olónà, irú aṣọ tí àwọn Ọ̀ṣùgbó ń lò, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ọ̀dọ̀ àwọn Kalabari létí òkun. Wọn ò ṣàìní ohun tí wọ́n máa pàtẹ.

A mọ ohun tí ẹnì kan máa sọ: tí ìlú bá ń sanwó, ìlú á máa pàṣẹ. Àgbà kan á ní kí wọ́n yọ àwòrán tí kò wù ú. Wọ́n á fi ogiri ṣe ibi ìkọ́ fọ́tò àwọn olóyè. Òótọ́ ni, ó sì ti ba nǹkan jẹ́ níbi púpọ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí wọ́n fẹnu kò láti ọjọ́ kìíní, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: àwọn àgbà ló ni kọ́kọ́rọ́ àti àpò, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ni ògiri. Kí akápò máa ka owó sókè lójú gbogbo èèyàn lóṣooṣù, kó má bi ẹnikẹ́ni pé kí ló dé tó fi pupa kun ojú ọba. Ìlú tó sọ ọmọ lórúkọ gbọ́dọ̀ fara dà á nígbà tí ọmọ náà bá ń sọ ohun tí wọn ò fẹ́ gbọ́.

Nítorí náà, tí ẹ bá tún gbọ́ pé wọ́n ṣí ilé ọnà tuntun ní ìlú yín, ẹ má tètè ya sẹ́lífì. Ẹ bi ìyá tó ń ta ẹ̀wà lódì kejì pé kí ló ń pe ibẹ̀, ẹ bi í bóyá ó ti wọlé rí. Tó bá ní òun ò mọ̀ bóyá wọ́n máa ń jẹ́ kí irú òun wọlé, ẹ bá àwọn tó ni ilé náà sọ ọ́.