Ọwọ́ Lábẹ́ Iná Pupa

Ẹ̀rù ń ba òǹkọ̀wé yìí lọ́jọ́ tó gbé ìwé kan lọ fún ọ̀gá rẹ̀ nídìí iṣẹ́ fọ́tò ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Ìwé fọ́tò ni, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1996, àwọn ọkùnrin oníhòòhò ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀: òmíràn dá dúró, òmíràn rọ̀ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ bí ẹni pé ọkọ̀ ń dúró dè é níta. Alàgbà ìjọ ni ọ̀gá. Baba gbé awò sójú, ó ṣí ewé mẹ́ta, ó ṣí ìkẹrin, kò fọhùn. Nígbà tó yá ló fi èékánná kan èjìká ọkùnrin kan.

"Ta ló ni ọwọ́ yìí?"

"Rotimi Fani-Kayode ni, sà."

"Fani-Kayode? Ọmọ Fani Power?"

"Òun ni, sà."

Baba rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó mi orí, ó sì padà sórí èjìká yẹn. Ọ̀rọ̀ ìhòòhò kò jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Èkó ni wọ́n ti bí Rotimi ní 1955. Bàbá rẹ̀, Olóyè Remi Fani-Kayode, Fani Power yẹn, ni igbákejì Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní oṣù Kìíní ọdún 1966, ìdílé náà kó lọ sí Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà kàwé ní Georgetown, ó tún kàwé iṣẹ́ ọnà ní Pratt Institute ní Brooklyn, ó parí rẹ̀ ní 1983, ó wá fi Brixton ní London ṣe ilé. Ibẹ̀ lòun àti Alex Hirst, òyìnbó tó jẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀, ti jọ ṣiṣẹ́. Ìwé rẹ̀, Black Male/White Male, jáde ní 1988. Lọ́dún kan náà, ó wà lára àwọn tó dá Autograph, ẹgbẹ́ àwọn ayàfọ́tò aláwọ̀ dúdú, sílẹ̀, òun sì ni alága àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1989 ó kú, ẹni ọdún 34.

Bí a ṣe ń po dẹfẹlọ́pà, bí a ṣe ń fọ bébà, ẹni tó bá ti wọ yàrá òkùnkùn rí ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ èjìká ló wà nílẹ̀.

Awọ funfun máa ń fi òjìji sọ bí ara ṣe rí: ibi tó bá kó sínú á ṣú, ibi tó bá yọ síta á mọ́. Dídán ni awọ dúdú fi ń sọ tirẹ̀. Ẹni tó bá ki iná bọ ènìyàn dúdú lójú tààrà, ara pẹlẹbẹ ló máa yà. Ẹ̀gbẹ́ ni iná yóò wà, kó fẹ̀, kó rọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè sùn lórí èjìká bí òṣùpá ṣe ń sùn lójú odò. Ìdí nìyẹn tí ike àdí àgbọn kékeré kan kì í fi í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ní ṣọ́ọ̀bù Baba. Àwọn ìyá oníṣòwò tó ń bọ̀ láti Gbági á kọ́kọ́ ṣàròyé pé òróró yóò ba gèlè àwọn jẹ́. Bí fọ́tò bá jáde, wọ́n á tún padà wá pẹ̀lú àbúrò wọn.

Ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ kò mọ èèyàn. Ohunkóhun tí a bá kọjú rẹ̀ sí, ó gbà pé àwọ̀ eérú ni, èyí tó ń dá ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Kọjú rẹ̀ sí agbádá funfun, ẹni tó wọ agbádá á di èédú. Kọjú rẹ̀ sí ojú dúdú, ojú yóò di eérú. Láàárín èédú àti eérú ni Baba ti jẹun fún ogójì ọdún.

Ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ni kámẹ́rà ń ṣe. Ìdajì tó kù wà lábẹ́ ẹnlájà, ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sórí bébà. Baba á tanná sórí bébà fún ogún ìṣẹ́jú àáyá, á sì ti ọwọ́ bọ àárín ìmọ́lẹ̀ náà, á fi òjìji ìka rẹ̀ bo abẹ́ àgbọ̀n, á bo kòtò ojú, á bo ibi tí ọrùn ti bá èjìká pàdé, kí òkùnkùn má baà gbé wọn mì. Lẹ́yìn náà, á di ọwọ́ méjèèjì pọ̀, á fi ihò kékeré kan sílẹ̀ láàárín ìka, á da ìmọ́lẹ̀ gba ibẹ̀ sórí dídán èjìká fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí dídán náà lè di ara, kó má wà níbẹ̀ bíi bébà lásán. Ọwọ́ yẹn kò gbọdọ̀ dúró. Ọwọ́ tó bá dúró á fi ààlà sílẹ̀, ojú òǹwòran á sì rí i. Gbígbọ̀n ni ọwọ́ Baba máa ń gbọ̀n lábẹ́ iná pupa, òǹkọ̀wé yìí sì ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé ogbó ti dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó rí Baba tó gbé ife tíì tó kún dẹ́nu gba àárín ọ̀nà kọjá, ìkán kan kò sì dà sílẹ̀.

Bébà gidi tún máa ń ṣú sí i bó bá gbẹ. Fọ́tò tó rẹwà nínú omi lè kú sórí okùn. Ọdún kejì ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni òǹkọ̀wé yìí tẹ ojú bàbá àgbà kan tó dùn mọ́ ọn débi pé ó pe gbogbo ọmọ iṣẹ́ wá wò ó nínú ọpọ́n. Baba kò sọ nǹkan kan, ó fi kọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá àgbà náà ti wọ inú òkùnkùn lọ. "Omi lo tẹ̀," Baba wí. "O ò tíì tẹ fọ́tò."

Ojú tí Baba fi wo ìwé Rotimi nìyẹn, ojú kan náà ni òǹkọ̀wé yìí sì ti fi ń wo ìtàn àwọn ọkùnrin tó fi kámẹ́rà wo ọkùnrin pẹ̀lú ìfẹ́. Ní Boston, F. Holland Day ya Ebony and Ivory ní 1897: ọkùnrin dúdú kan jókòó ní ìhòòhò, ó gbé ère funfun kékeré dání. Bébà pilátínọ̀mù ni Day fẹ́ràn, èyí tí dúdú rẹ̀ rọ̀ bí àrán. Ní New York, George Platt Lynes ń ya aṣọ ìgbàlódé àti àwọn oníjó fún owó. Fọ́tò ọkùnrin oníhòòhò tó ń yà fún ìfẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ nìkan ló ń rí i, torí ẹ̀wọ̀n ń bẹ fún ẹni tó bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ nínú lẹ́tà. Kó tó kú ní 1955, ó kó ọ̀pọ̀ nínú wọn fún Alfred Kinsey, onímọ̀ ìbálòpọ̀, ní Indiana.

Robert Mapplethorpe ni gbogbo ayé wá mọ̀. Rotimi mọ̀ ọ́n ní New York. Nínú Black Book, ìwé fọ́tò àwọn ọkùnrin dúdú tí Mapplethorpe tẹ̀ jáde ní 1986, kò sí ẹni tó lè bú ìtẹ̀ fọ́tò náà: Tom Baril ló ń tẹ iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ẹni náà sì mọ́. Síbẹ̀, lọ́dún kan náà ni Kobena Mercer, alárìíwísí iṣẹ́ ọnà, kọ̀wé ní London pé wọ́n ti sọ ọkùnrin dúdú di ohun ìwò lásán. Mercer tún èrò rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn náà. Òǹkọ̀wé yìí kò tíì tún tirẹ̀ yẹ̀ wò. Dídán inú Black Book le bíi ti mábù. Kò sí ibi tí ọwọ́ ti gbọ̀n.

Ẹ wá wo Sonponnoi, fọ́tò tí Rotimi yà ní 1987, tó sì fi orúkọ òrìṣà Ṣọ̀npọ̀nná pè. Àmì tótòtó funfun àti dúdú kún ara ọkùnrin kan, àbẹ́là mẹ́ta sì ń jó níwájú abẹ́ rẹ̀. Yorùbá kì í pe orúkọ òrìṣà yẹn láìnídìí. Olóde là ń pè é, tàbí ká ní ilẹ̀ gbóná. Àrùn éèdì ń pa àwọn ọ̀rẹ́ nígbà náà, àwọn èèyàn sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ìgbà tí ṣọ̀npọ̀nná bá wọ ìlú. Rotimi pe orúkọ náà, ó tanná sí i. Dúdú fọ́tò yẹn kò dí pa: ẹni tó bá dúró pẹ́ níwájú rẹ̀ á rí i tí ara ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀.

Orí fóònù kò sí dídúró pẹ́. Fóònù ń bu ìmọ́lẹ̀ lu ojú gbogbo èèyàn bí ẹni ń kun ògiri, ó sì ń bó awọ dúdú láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́. Fọ́tò Rotimi tó kún íntánẹ́ẹ̀tì, òmíràn ti di eérú, òmíràn ti di èédú, àwọn ọ̀dọ́ sì ń sọ pé àwọn ti rí i. Wọn ò tíì rí i. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó lọ síwájú bébà.

Ọ̀nà yẹn jìn fún ọmọ Nàìjíríà. Rotimi fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ní 1988 pé bí òun bá ṣàfihàn iṣẹ́ òun l'Ékòó, ìjà ìgboro ni yóò dá sílẹ̀. Òfin 2014 tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sórí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin kò mú ọ̀nà náà kúrú. Venice rí iṣẹ́ náà ní 2003. Ohio ní Amẹ́ríkà rí i ní 2024.

Baba kò dá ìwé yẹn padà. Nígbà tó kú, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, abẹ́ páálí bébà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnlájà ni wọ́n ti bá a. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká ọkùnrin yẹn, ó ti fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà mẹ́ta: 20, 4, 3.