Ìyé àti Iná Ẹ̀gbà

Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ ni Ìyé ti máa ń mọ ohun tó gbé bọ̀. Wọ́n á dúró sórí afárá pákó níwájú ilé, wọ́n á fi ọwọ́ ṣíji bojú, wọ́n á máa wo bí ọkọ̀ ṣe jìn sínú omi tó. Bí omi bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí ọkọ̀, tí àwọn ẹyẹ funfun sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, Ìyé kò ní sọ nǹkan kan. Wọ́n á kàn yíjú sílé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fa igi yọ. A kò tíì so ọkọ̀ mọ́ òpó tí iná á fi ti ràn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n. Ìyé ni gbogbo wa ń pè wọ́n, bí a ti ń pe ìyá ní Ìlàjẹ, àwọn ọmọ tí wọ́n bí àti àwa tí wọ́n kàn tọ́. Abúlé kan láàárín Ìgbókòdá àti òkun ni wọ́n ti lo ọjọ́ ayé wọn: aya apẹja, abiyamọ, ìyá ìjọ. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún kí wọ́n tó sùn nínú Olúwa. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ilé àdúrà kún dé orí afárá. Àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ Ìyé, wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ tí Ìyé tọ́, òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ẹja. Ó dùn mí títí di òní. Ẹja yíyan ni Ìyé fi nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ṣe, n kò sì tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n yan bíi tiwọn.

Ẹni tó ń dáná lórí ilẹ̀ lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Etíkun tiwa kò rí bíi ti Èkó tó ní yanrìn. Lápá Máhìn, ẹrẹ̀ ni òkun ń bá pàdé, omi ló yí wa ká, orí òpó igi ni ilé dúró lé. Pákó la fi ṣe ilẹ̀, pákó la fi ṣe ògiri, ewé ògùrọ̀ la sì fi bo ilé Ìyé kí páànù tó dé. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni iná wọn ti ń jó tọ̀sán-tòru. Wọ́n ní kí ọkọ wọn kan àpótí igi gbàǹgbà kan, wọ́n rọ ẹrẹ̀ odò kún un, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́ títí ó fi le bí òkúta. Orí ẹrẹ̀ yìí ni àgbá jókòó sí, àgbá epo tí a gé orí rẹ̀ tí a sì dá ẹnu sí nísàlẹ̀ fún igi. Lálaalẹ́, Ìyé á na ọwọ́ sábẹ́ àpótí, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ kan pákó ilẹ̀. Bí ó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi ni wọ́n á bù lé ẹrẹ̀. Bí mo ti ń rántí wọn nìyẹn ju ọ̀nà mìíràn lọ: wọ́n kúnlẹ̀, apá kan wà lábẹ́ ààrò, wọ́n ń fetí sílẹ̀ bí ẹni ń wo ibà lára ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ṣáwá, nítorí ẹja kékeré ló ń tú àṣírí ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Ìyé á kọ́kọ́ ṣà á. Èyí tí ikùn rẹ̀ ti bẹ́ kò ní dé orí wáyà tó wà lórí àgbá, ọbẹ̀ alẹ́ ló ni ín. Wọ́n á fi omi iyọ̀ ṣan ìyókù, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹní kí omi ara rẹ̀ ro. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú. Ẹja tó bá dé orí iná pẹ̀lú omi lára, híhó ni yóò hó, awọ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ wáyà, á ya. Ìyé á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bí awọ bá fà mọ́ ọwọ́ díẹ̀, bí ewé tí oje wà lára rẹ̀, ó tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tò ó, gbogbo orí sí apá kan, ikùn sísàlẹ̀ kí òróró ráyè kán, àlàfo bí ìbú ìka kan láàárín ọ̀kan àti èkejì.

Igi ẹ̀gbà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbà ni igi tó ń na gbòǹgbò bí ẹsẹ̀ akàn sínú omi iyọ̀ létí ọ̀sà wa. Ó wúwo, ó ń jó bí kò tilẹ̀ gbẹ tán, ẹyín iná rẹ̀ ń pẹ́, èéfín rẹ̀ sì ń fún ẹja ní àwọ̀ bíi bàbà. Iná mẹ́ta ni ẹja kan ń là kọjá lọ́wọ́ Ìyé. Àkọ́kọ́ ń jó geere, kó lè sè é. Èkejì, wọ́n á fa igi sẹ́yìn kí èéfín lè kun ún. Ẹ̀kẹta kò ju ẹyín lọ, ó sì lè gba ọjọ́ méjì. Omi kó nǹkan bí ìdá 70 sí 80 nínú 100 ìwọ̀n ẹja tútù, ooru pẹ̀lẹ́ ló sì ń lé e jáde. Bí iná bá le jù, òde ẹja á gan kí inú tó gbẹ. Ẹja bẹ́ẹ̀ á máa dán lójú ọjà, ìdin á sì ti wà nínú rẹ̀ kí ẹni tó rà á tó délé.

Yíyí i padà ni mo fẹ́ràn láti máa wò. Ìyé á ki ìka mẹ́ta bọ omi, wọ́n á di ẹja mú lẹ́yìn orí, wọ́n á gbé e sókè díẹ̀. Bí awọ bá ń bá wáyà jà, wọ́n á dá a padà, wọ́n á dúró. Bí ó bá gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n á yí i, ọwọ́ á ti kan èkejì kí ti àkọ́kọ́ tó sùn dáadáa. Lọ́wọ́ àwa ọmọ, ẹja mẹ́ta á ti ya kí á tó dé ìdajì wáyà. Wọn kì í bínú. Àwọn èyí tó ya ni a óò jẹ, kí á lè mọ̀ ọ́n lẹ́nu.

Òru ni iṣẹ́ yìí le sí, òru náà sì ni àdúrà ìjọ wọn pọ̀ sí. Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n, ìjọ tí Mósè Orímọládé ọmọ Ìkàrẹ́ àti Christiana Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1925, tí omi gbé dé ọ̀dọ̀ wa. Ìjọ yìí náà ni àwọn tó tẹ Ayétòrò dó ní 1947 ti jáde wá, àwọn tó ní àwọn á jọ ṣiṣẹ́, àwọn á jọ jẹ, owó kò sì ní jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ọmọdébìnrin ni Ìyé nígbà yẹn. Òkun ti gbé púpọ̀ nínú ìlú yẹn lọ báyìí. Bí Ìyé bá gbọ́ pé ó tún ti gbé ilé mìíràn, wọ́n á pa ẹnu mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìyé kò ní aago. Wọ́n mọ bí igi ẹ̀gbà ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó kó lè jó láti ìgbà oúnjẹ alẹ́ di ọ̀gànjọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá ti rẹlẹ̀ lára ògiri, ojú wọn á là. Wọ́n á kúnlẹ̀ gbàdúrà, wọ́n á dìde yí ẹja padà, wọ́n á ki igi mìíràn bọ̀ ọ́. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Ìyé, èwo ló ń jí yín, àdúrà ni àbí ẹja?" Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ti jí ti jí, ọmọ mi. Gbé igi wá."

Aṣọ funfun wọn tún jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Omi odò wa dúdú bí omi àgbo, èéfín sì wà nínú gbogbo aṣọ ilé, àní nínú irun orí wa. Síbẹ̀ sùtánà Ìyé máa ń funfun báláú. Omi òjò nìkan ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, omi tí wọ́n gbè sínú ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu nínú rẹ̀. Bí ó bá gbẹ, inú àpótí páànù ló ń wọ̀, wọ́n á fi aṣọ dí etí ìdérí rẹ̀ yí po. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, wọ́n á wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó ṣí i.

Àwọn oníṣòwò tó ń wá láti Oǹdó àti Àkúrẹ́ sí ọjà Ìgbókòdá kì í tú agbọ̀n Ìyé wò. Èyí tó wà nísàlẹ̀ dà bí èyí tó wà lójú, ìwé tí wọ́n fi tẹ́ inú agbọ̀n sì máa ń mọ́. Owó ilé ìwé tèmi jáde láti inú irú agbọ̀n bẹ́ẹ̀.

Ní 1969, ní Chorkor, àdúgbò àwọn apẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ Accra ní Gánà, àwọn onímọ̀ àti àwọn obìnrin tó ń yan ẹja níbẹ̀ jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ààrò kan tó ń lo férémù wáyà tí a ń tò léra wọn, tí kì í jẹ igi púpọ̀. Ó ti tàn ká etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyé nígbà tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n béèrè pé ṣé amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Orí pákó ta ni á gbé e?" Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìgbà tí mo tún padà lọ, mo bá férémù igi mẹ́ta lórí àgbá wọn, àpò ìdọ̀họ tútù ni wọ́n fi dí ibi tí èéfín ń gbà jáde. Wọ́n ń gbé ti ìsàlẹ̀ lọ sókè, wọ́n ń gbé ti òkè wá sísàlẹ̀, bí ẹni tó ti ń ṣe é láti kékeré.

Èéfín náà gba tirẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ojú wọn ti ń pọ́n láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, nígbà tó yá ó di bíbò, n kò sì ní bo èyí mọ́lẹ̀ torí pé mò ń yin iṣẹ́ wọn. Ní ọdún tó gbẹ̀yìn, ọmọ ọmọ wọn ló ń dúró ti àgbá. Ìyé á jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kẹ̀yìn sí iná, wọn kò rí ẹja, wọn kò sì rí èéfín. Mo wà níbẹ̀ ní òru ọjọ́ kan. Òróró ń kán sórí ẹyín iná, ṣì, ṣì, ṣì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó di ẹyọ kan, lẹ́yìn náà òmíràn. Ìyé gbé orí sókè.

"Yí i padà," ni wọ́n wí.

Ọmọ náà ki ìka bọ omi, ó gbé ọ̀kan lẹ́yìn orí. Kò jà.