Àṣẹ Rotation nínú AutoCAD

Nínú gbogbo àṣẹ tí AutoCAD gbé lé ayàwòrán-ilé lọ́wọ́, mo rò pé Rotation ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fojú kéré jù. Ìbéèrè méjì péré ni ó ń bi wọ́n: àmì wo ni kò ní yẹ̀, báwo ni igun yíyí náà sì ti tóbi tó? Ti àkọ́kọ́ dára púpọ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tí yóò fi ìdí àwòrán rẹ̀ kàn kò tíì mọ ilé náà.

Ìbéèrè kejì ni mo ní ẹ̀sùn sí. Apá ọ̀tún ni ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà, ó sì ń yí lódì sí ọwọ́ aago, àyàfi bí a bá yí ètò rẹ̀ padà. Amọlé wo ló ń ronú bẹ́ẹ̀? Ojú ọ̀nà ni tirẹ̀, tàbí ògiri aládùúgbò. Ká ní a ń ya ilé Àgùdà àtijọ́ kan ní Àjàṣẹ́, lẹ́bàá ọ̀nà tí kò tọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fojú díwọ̀n igun, tí ó sì fi dígírì 1 péré ṣì í, ìparí ògiri tí ó gùn ní mítà 20 yóò fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 yà kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹni tí yóò tún ilé náà ṣe yóò sì gba ìwé gbọ́ ju ògiri lọ.

Référence ni oògùn rẹ̀, inú àṣẹ náà ló sì wà. A ó tẹ igun ilé àti ìparí ògiri tí a yà, lẹ́yìn náà a ó tẹ ibi tí ìparí náà wà gan-an gẹ́gẹ́ bí a ti wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ yóò ṣírò ìyókù. Ó ṣeni láàánú pé ẹ̀yìn nọ́ńbà ni wọ́n fi í sí. Bí ó bá ṣe tèmi ni, òun ni ẹ̀rọ ì bá kọ́kọ́ bèèrè.