Agogo Àgbàbọ̀ ńkọ́?

Àwọn àgbà ní aṣọ àgbàbọ̀ kì í yẹni. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi wo kulintang ní Amẹ́ríkà. Agogo idẹ mẹ́jọ tí a tò sí ìlà kan ni kulintang. Àwọn Maguindanao àti Maranao, Mùsùlùmí erékùṣù Mindanao ní Filipínì, ló ni ín. Ní 1976 ni Danongan Kalanduyan, ọmọ Maguindanao, dé Yunifásítì Washington ní Seattle láti fi kọ́ni. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Filipínì tó wà ní Amẹ́ríkà jẹ́ ọmọ Kristẹni tí baba wọn kò lù ú rí. Síbẹ̀, òun ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣàfihàn ìran wọn níbi ayẹyẹ.

N kò bá wọn wí, nítorí ohun tí olóhun fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ni kì í ṣe olè. Ohun tí mo takò ni kí aṣọ aláràbarà borí ìlù lórí ìtàgé, kí a má sì dárúkọ olóhun. Gandingan, agogo ńlá mẹ́rin tó ń bá kulintang rìn, a máa sọ̀rọ̀ bíi dùndún wa. Ẹni tó gbọ́ dùndún tí kò gbédè, ariwo ló gbọ́. Kalanduyan kú ní 2016. Bí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá kọ́ ìlù tí wọn kò kọ́ èdè mọ́ ọn, agogo yóò máa dún, ṣùgbọ́n yóò ti yadi.