Àfiwé ‘Ẹ̀bùn’ àti Ọ̀rọ̀-Ìṣe ‘Yọ́’ Nínú Àlàyé Ìdè Íọ́ọ̀nù: Àgbéyẹ̀wò Èdè Ìkọ́ni Kẹ́místírì

Ìfáárà

Kò sí ilé ìdáná tí a kò ti lè bá iyọ̀ pàdé. Òun náà sì ni àpẹẹrẹ tí olùkọ́ kẹ́místírì kọ́kọ́ ń mú lò bí ó bá fẹ́ ṣàlàyé àwọn èròjà tí ìdè íọ́ọ̀nù so pọ̀. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìdánwò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, Yorùbá ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń sá tọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá yé akẹ́kọ̀ọ́. Èyí kò burú. Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí gbé dìde ni pé: ǹjẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń lò gbé òtítọ́ ohun tí à ń kọ́ni yọ?

Àfiwé Ẹ̀bùn

Átọ̀mù sódíọ̀mù ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 11, tí a tò sí ipele mẹ́ta: 2, 8, 1. Ti kílórínì jẹ́ 17: 2, 8, 7. Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ ni pé ọ̀lawọ́ ni sódíọ̀mù, tí ó fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo tí ó wà ní ipele òde ta kílórínì lọ́rẹ. Kílórínì gbà á, ọ̀kan di Na⁺, èkejì di Cl⁻, olúkúlùkù sì ní mẹ́jọ ní ipele òde rẹ̀. Àfiwé yìí tètè ń wọ akẹ́kọ̀ọ́ létí, kò sì ṣòro láti rántí, nítorí pé Yorùbá mọ iyì ọ̀lawọ́.

Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e lé orí ìṣirò, ẹ̀bùn náà kò lè dá dúró. Láti yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan kúrò lára móòlù kan átọ̀mù sódíọ̀mù tí ó wà ní ipò gáàsì ń gba agbára tí ó tó 496 kJ. Ohun tí móòlù kan átọ̀mù kílórínì ń dá padà nígbà tí ó bá gbà wọ́n kò ju nǹkan bí 349 kJ lọ. Gbèsè 147 kJ wà nílẹ̀. Inú rere kọ́ ni yóò san án. Ìfàmọ́ra tí ó wà láàrin àìmọye íọ́ọ̀nù alámì àròpọ̀ àti alámì àyọkúrò, nígbà tí wọ́n bá tò jọ di iyọ̀ líle, ni ó ń mú nǹkan bí 787 kJ jáde. Ìgbà náà ni èrè tó dé.

Àléébù kejì ni pé láàrin ẹni méjì ni ẹ̀bùn máa ń parí sí. Nítorí náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń rò pé sódíọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní kílórínì tirẹ̀ bí ọkọ ṣe ń ní ìyàwó, tí ó sì ń kọ ‘mólékù iyọ̀’ sínú ìwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1913, W. L. Bragg fi ìtànṣán X ṣàwárí pé nínú hóró iyọ̀, Cl⁻ mẹ́fà ni ó yí Na⁺ kọ̀ọ̀kan ká, Na⁺ mẹ́fà sì ni ó yí Cl⁻ kọ̀ọ̀kan ká. NaCl kò ju ìṣirò iye lọ: ọ̀kan sí ọ̀kan. Síbẹ̀, ní ọdún 1927, H. E. Armstrong, àgbà onímọ̀ kẹ́místírì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣì ń fi èrò yìí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn Nature. Bí àgbà bá lè kọsẹ̀ níbẹ̀, ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ́. Àfiwé tí a fún un ni kí a yẹ̀ wò.

Àfiwé aṣọ híhun ìbá sàn jù. Òwú òòró kan wà, ọ̀pọ̀ òwú ìbú ni ó dì í mú. Kò sí èyí tí ó lè sọ pé òun nìkan ni ó ni ín. Àfiwé yìí náà ní ààlà: aṣọ ń ká, iyọ̀ ń fọ́. Bí a bá fi nǹkan lu ìṣù iyọ̀, ipele kan yóò sún, àwọn íọ́ọ̀nù alámì kan náà yóò dojú kọ ara wọn, wọn yóò ti ara wọn dànù, ìṣù náà yóò sì là. Ó yẹ kí olùkọ́ sọ ààlà yìí fúnra rẹ̀.

Ìṣòro Tó Wà Nínú ‘Yọ́’

Yorùbá ń lo ‘yọ́’ fún òrí tí ó di òróró nínú oòrùn, ó sì tún ń lò ó fún iyọ̀ tí ó wọnú omi. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ni wọ́n. Bí olùkọ́ bá sọ pé iyọ̀ kì í yọ́ àfi bí ooru bá dé 801°C, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń rí i kí iyọ̀ máa yọ́ nínú omi tútù yóò gbà pé irọ́ ni ìwé ń pa. Nínú ti àkọ́kọ́, ooru nìkan ni ó borí ìfàmọ́ra àárín íọ́ọ̀nù. Nínú ti èkejì, àwọn mólékù omi ni ó yí íọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ká tí wọ́n sì fà á kúrò láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí nǹkan bí gíráàmù 36 fi lè wọnú 100 gíráàmù omi láìdá iná rárá.

Èyí tí ó léwu jù ni àṣìṣe tó fara sin. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ pé, ‘iyọ̀ tó ti yọ́ ń gbé iná mànàmáná kọjá’, ó sì gba máàkì, nítorí pé òótọ́ ni lọ́nà méjèèjì: àwọn íọ́ọ̀nù ti lómìnira láti rìn. Olùkọ́ kò mọ èyí tí ó ní lọ́kàn. Ó di ìgbà tí a bá béèrè nípa mágínísíọ̀mù ọ́ksáìdì, tí ó ń fẹ́ ooru tó lé ní 2,800°C kí ó tó yọ́, tí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú omi rárá, kí àṣírí tó tú.

Àwọn kan lè sọ pé èyí fi hàn pé Yorùbá kò tó sáyẹ́ǹsì í kọ́. Àwíjàre yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì náà a máa sọ nínú ilé pé ṣúgà yọ́ nínú tíì bí ìgbà tí yìnyín yọ́. Àwọn onímọ̀ ni ó pààlà sí ọ̀rọ̀ méjèèjì. Kò sí èdè tí a bí kẹ́místírì mọ́.

Ìkádìí

Àbá méjì ni iṣẹ́ yìí mú wá. Èkíní, kí a fi ‘yọ́’ sílẹ̀ fún ohun tí ooru sọ di olómi, kí a sì máa lo ‘tú sínú omi’ fún èkejì. ‘Tú’ tilẹ̀ sọ ohun tí àwọn íọ́ọ̀nù ń ṣe gan-an. Èkejì, kí àwọn tí à ń kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ máa fi ìṣirò agbára yẹ àfiwé wò kí wọ́n tó gbé e wọ kíláàsì. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹṣin tí a kò fún ní ìjánu lè gbé ẹlẹ́ṣin ṣìnà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ni yóò sì san owó ìṣìnà náà nínú gbọ̀ngán ìdánwò.