Ìwé Nóòtù Ẹni Tó Ń Dá Kọ́ Ìṣirò

Ẹni tó ń dá kọ́ ìṣirò láìní olùkọ́, ìwé nóòtù rẹ̀ ni mo máa ń fẹ́ rí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í da ìwé kọ. Yóò ka ẹ̀rí kan tán, yóò pa ìwé dé, yóò sì fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ibi tí bírò bá ti dúró, ibẹ̀ ni kò tíì yé e. Yóò fi àmì ìbéèrè síbẹ̀, yóò fi àyè sílẹ̀.

Ẹ wo èyí: bí a bá ń ro 1, 3, 5 àti 7 pọ̀ léraléra, 1, 4, 9, 16 la ó máa rí. Kí ló dé? Akẹ́kọ̀ọ́ kan ya àmì róbótó mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ó fi bírò pupa to márùn-ún yí òkè àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ká: mẹ́sàn-án, mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta. Ó tún fi méje yí ìyẹn ká. Ọ̀rọ̀ bùṣe! Ìlà mẹ́wàá àlàyé kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Orí síléètì ni Ramanujan, onímọ̀ ìṣirò ará Íńdíà, ti ń ṣe tirẹ̀, nítorí bébà wọ́n. Igbọ̀nwọ́ ló fi ń nù ún, àbájáde ló ń wọ inú ìwé. Ẹ̀bùn tirẹ̀ nìyẹn. Ní tèmi, ohun tí igbọ̀nwọ́ nù kúrò ni akẹ́kọ̀ọ́ nílò jù: kó fa ìlà kan ṣoṣo la iṣẹ́ tó kùnà, kó ṣì ṣeé kà, kó sì kọ ìdí tó fi kùnà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.